Ọkọ Didi ló ń gba owó olú: ìdáhùn sí lẹ́tà Ọmọ Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ò ń kàwé ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Pusa, ní ìpínlẹ̀ Bihar, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àti pé obìnrin kan tí ò ń pè ní Didi, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin níbẹ̀, ń gbin olú sínú yàrá tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé olú lọ sọ́jà, òun náà ló ń ná owó rẹ̀. Ìyá ọkọ ní ìyàwó ilé àwọn kì í dé ọjà. Ọmọ kékeré yẹn sì ń wúkọ́. O wá ń bi mí bóyá kí o lọ kojú ọkọ náà, torí ara rẹ ò gbà á mọ́.

Má lọ o. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí owó ọjà wọn jẹ́ tiwọn ni o dàgbà sí, mo mọ̀ pé ohun tí o rí dùn ẹ́. Ṣùgbọ́n o máa parí ẹ̀kọ́ rẹ, o máa padà wálé. Didi ni yóò kù sínú ilé yẹn. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ, òun ni wọ́n máa bi.

Wo ibi tí agbára ọkọ yẹn ti ń wá ná. Olú tútù kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí a bá ká a láàárọ̀ tí kò sí fíríìjì, àfi kó tètè dọ́jà, ẹni tó bá sì lè jáde ni owó máa bọ́ sí lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ dìgbà tí ọkọ bá pàṣẹ. Àmọ́ irú olú tí Didi ń gbìn, èyí tó ń hù lára koríko ìrẹsì nínú ọ̀rá, rọrùn láti sá gbẹ. Kílò 10 tútù máa ń di nǹkan bíi kílò 1, bí wọ́n bá sì dé e pa dáadáa, ó lè wà fún oṣù mélòó kan. Olú gbígbẹ lè dúró de ìpàdé ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí o dì mú. O kàn fẹnu bà á pé Didi wà nínú ẹgbẹ́ JEEViKA, ètò ìjọba Bihar tó ń kó àwọn obìnrin ìgbèríko jọ sínú ẹgbẹ́ àjọdáwó, o sì kọjá. Èmi ò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́wàá sí méjìlá tí wọ́n ń dáwó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń yá ara wọn, tí báńkì náà ń yá, kì í ṣe ohun kékeré. Láti 1992 ni NABARD, báńkì Íńdíà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, ti ń so irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ báńkì. Bí wọ́n bá kó olú gbígbẹ wọn jọ, tí ìyá àgbà kan tí ẹnikẹ́ni ò lè dá lẹ́kun ọjà gbé e lọ tà, owó Didi lè wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìkan. Àkáǹtì Jan Dhan, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2014, kò gba owó ìbẹ̀rẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n bi í léèrè ní kọ̀rọ̀: fóònù ta ni báńkì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí? Bó bá jẹ́ ti ọkọ, àkáǹtì náà kò tíì di tirẹ̀.

Kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn, bi òun fúnra rẹ̀ ohun tó fẹ́. Ó lè fẹ́ kí díẹ̀ ṣì máa kan ọkọ, kí ilé lè rọgbọ. Má bá a jiyàn lórí ìyẹn.

Ní ti ìyá ọkọ, kí Didi dárúkọ Bina Devi fún un, obìnrin agbègbè Munger, ní Bihar kan náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin olú, pẹ̀lú kílò kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, 2020, Ààrẹ Íńdíà fi Nari Shakti Puraskar, àmì-ẹ̀yẹ ìjọba fún àwọn obìnrin, dá a lọ́lá. Ọ̀rọ̀ ọmọ Bihar bíi tiwọn máa wọ màmá yẹn létí ju tìrẹ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan má sùn níbi tí olú wà. Bí olú yìí bá ti gbó, ó máa ń tú lẹ́búlẹ́bú tí ojú kì í tètè rí sínú afẹ́fẹ́, ó sì lè fa ikọ́ burúkú. Kí wọ́n máa ká a kí etí rẹ̀ tó ká sókè, kí Didi sì fi aṣọ bo imú. Ahéré ọparun kékeré lẹ́yìnkùlé tó fún iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ olú ní yunifásítì rẹ lè fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ hàn án. Lónìí, kí wọ́n kó ọmọ kúrò nínú yàrá yẹn. Bí ikọ́ náà kò bá lọ, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má dúró de owó olú.