Wọlé lọ jókòó, àbúrò mi

Àbúrò mi tó ń nu ọ́fíìsì lóru, o ní ojú ń tì ọ́ láti wọ ilé ìkàwé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, pé ibi àwọn alákọ̀wé ni. Ìtìjú yẹn mú èmi náà rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń ṣíwọ́. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan, kò síbi téèyàn á ti ṣíwèé. Mo wá ń lọ sí ilé ìkàwé Peckham, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000. Lífítì ló ń gbé wa dé òkè níbi tí ìwé wà. Láti ojú fèrèsé ibẹ̀, mò ń wo àwọn ilé gogoro àárín ìlú, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ wọn tán. Òórùn búlíìṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Ibòmíràn ni wọ́n ti dójú tì mí. Oorun gbé mi lọ lórí ìwé, ẹ̀ṣọ́ kan wá fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní ibí kì í ṣe ibùsùn. Oṣù mẹ́ta ni n kò wọ ilé ìkàwé kankan. Ó ṣì ń dùn mí, torí èmi ni mo pàdánù. Òfin ilé ìkàwé ti ọdún 1964 níbí ló ní kí káńsù pèsè ilé ìkàwé fún ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, kí wọ́n sì máa yá a níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Owó orí wa náà wà níbẹ̀.

Ní ti káàdì ilé ìkàwé, bíìlì kankan ò sí lórúkọ mi tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí ibi tí mò ń gbé. Lẹ́tà báǹkì ni mo fi gbà á. Kó o tó rí tìrẹ gbà, jókòó síbẹ̀ kàwé, ìyẹn ò gba káàdì.

Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé ìdánwò Life in the UK, èyí tí àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú tàbí di ọmọ ìlú níbí ń ṣe: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 18. Ẹ̀dà tí mo yá ti gbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ “ìgbìmọ̀ aṣòfin” wẹ́wẹ́. Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Ẹni wa kan ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú mi.

Wo aago tí wọ́n ń ṣí kó o tó kúrò níbi iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ wọn ti dín wákàtí kù, àwọn mìíràn kì í ṣí láàárọ̀ mọ́.