Nọ́ńbà práktíkà ọmọ mi kò bára mu: ṣé aago ló bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi wà ní SS2. Wọ́n ní kó so bọ́ọ̀lù irin kékeré mọ́ òwú tó gùn tó mítà 1, kó wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi fì lọ fì bọ̀ nígbà 20. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún: 40.12, 39.94, 40.31, 40.05, 38.09. Tíṣà tó ń kọ́ ọ nílé ní kó kọ 40.12 sí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má baà gé máàkì rẹ̀. Ṣé kí n ra stopwatch mìíràn ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ fi owó yín pamọ́. Aago yẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ìmọ̀ràn tíṣà yẹn ló bí mi nínú, torí òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló tọ̀nà, pé èyí tó bá yàtọ̀ ti di àṣìṣe. Irọ́ ni! Ìka tó ń tẹ aago máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ojú, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, kì í sì í pẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá rí nọ́ńbà márùn-ún tó bára mu géérégé, mo ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan aago.

Lọ́dún 1879, Albert Michelson, onímọ̀ físíìsì, wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára tó ní Annapolis, Amẹ́ríkà. Ìwọ̀n 100 ló tẹ̀ jáde. Èyí tó kéré jù jẹ́ kìlómítà 299,620 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ga jù jẹ́ 300,070. Àárín ni púpọ̀ nínú wọn ṣùjọ sí.

38.09 yẹn ni kí ẹ bi ọmọ yín léèrè. Ó fi bí ìṣẹ́jú àáyá 2 dín sí ìyókù, iye tí fì-lọ-fì-bọ̀ kan ń gbà gan-an nìyẹn. Ó jọ pé "ení" ló kà nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, dípò òdo, ni 20 bá di 19. Mi ò sí níbẹ̀ o, mi ò lè búra. Kó má fà á rẹ́. Kó kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tún un ṣe. Kó ro mẹ́rin tó kù pọ̀, kó pín in sí mẹ́rin: 40.105, ìpíndọ́gba wọn nìyẹn.

Kó tún gba nọ́ńbà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó fa ìlà, kó máa to ààmì sórí rẹ̀, ọ̀kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Yóò rí i bí wọ́n ṣe ń ga láàárín, tí wọ́n ń fọ́nká létí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá wọn òwú dé orí bọ́ọ̀lù dípò àárín rẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe nígbà 100, ìpíndọ́gba ò ní gbà wọ́n là, torí àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ṣe.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ohun tí ìwé ìbéèrè bá ní kó kọ ni kó kọ. Ní ti tíṣà yẹn, ẹ gbé stopwatch fún un, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún níṣojú yín.