Kí ni ìtumọ̀ "rotten borough"?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ "rotten borough", ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn máa ń lò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìbò màgòmágó. Ó ní ṣé "ìlú jíjẹrà" la máa pè é.

Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ìbò ibẹ̀ ló jẹrà, kì í ṣe ìlú. Ẹkùn ìdìbò tí èèyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, àmọ́ tó ṣì ń rán aṣòfin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹkùn ìdìbò ahoro ni tèmi.

Ẹ wo Old Sarum, orí òkè kan lẹ́bàá ìlú Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odi ọba àti ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù jọ wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi ṣọ̀wọ́n, atẹ́gùn ń jà, àlùfáà àti ṣọ́jà ò sì rẹ́. Ní 1220 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ìlú ń kó tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, títí koríko fi gba orí òkè. Síbẹ̀, aṣòfin méjì ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn.

Ilẹ̀ ló ní ìbò níbẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá wà lórúkọ rẹ̀ ló ń dìbò, bí kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n á pàgọ́ sínú oko lábẹ́ igi kan, ó parí. Ní 1831, olùdìbò mọ́kànlá péré ló kù, kò sì sí èyí tó ń gbébẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà ti ra aṣòfin méjì.

Ìdílé Pitt rà á. Ibẹ̀ ni William Pitt, ọmọ ìdílé náà, gbà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1735. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé Pitt yìí kan náà ló dìde nínú ilé ìgbìmọ̀ ní 1766, tó ní irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ ni ibi tó jẹrà lára òfin ilẹ̀ wọn. Ó jẹ níbẹ̀, ó mọ bó ṣe ń rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dunwich, ìlú etíkun kan: òkun ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ, àwọn aṣòfin méjì rẹ̀ ò bómi lọ. Nígbà náà, ìlú Manchester tí èrò ń wọ́ lọ kò ní aṣòfin kan ṣoṣo.

Ní 1832 ni òfin pa ẹkùn 56 bẹ́ẹ̀ rẹ́, Old Sarum àti Dunwich náà.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti há owó fún èrò rẹpẹtẹ lọ́jọ́ ìbò kì í ṣe "rotten borough". Ìbò rírà nìyẹn.