Kí ni ibùsọ̀ gan-an?

Òkun o, bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ tiwa. Olùkọ́ kan ní Kàbbà ló béèrè: àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fẹ́ mọ iye ibùsọ̀ tó wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ àti ti Àbújá, àti ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ máa fi fò ó. Ìwé kan pe ibùsọ̀ ní máìlì, òmíràn pè é ní kìlómítà. Èwo ni kí òun mú?

Ibùsọ̀ kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì látilẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀: ibùgbé, ibùsùn, ibùjókòó. Ibùsọ̀ ni ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ru iṣu ti oko bọ̀ rí ti mọ̀ ọ́n lọ́rùn. Kí ìyá àgbà mi tó yọ lọ́nà oko lẹ ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí igi: “Ẹ sọ̀ mí o!” Ẹni tó bá wà nítòsí á di agbọ̀n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á jọ gbé e wálẹ̀, màmá á ṣí òṣùká lórí, á fi nu òógùn ojú. Ìdí igi yẹn ni ibùsọ̀. Tí ọ̀nà bá gun òkè, tí òkè ò sì wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ibùsọ̀ á súnmọ́ra. Tó bá tẹ́jú, á jìnnà síra. Ọrùn ló ń wọn ọ̀nà.

Nígbà tí máìlì dé, àwọn tó ń kọ̀wé Yorùbá mú ibùsọ̀ fún un. Kìlómítà náà dé, àwọn mìíràn tún fi ibùsọ̀ kan náà pè é. Wàhálà nìyẹn. Tí a bá fa ìlà gbọọrọ láti Àkúrẹ́ dé Àbújá, ó tó nǹkan bí kìlómítà 290. Máìlì 180 ni. Àwọn awakọ̀ òfurufú ní máìlì tiwọn, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ òkun, mítà 1,852 ni ọ̀kan: tiwọn á jẹ́ 157. Ọmọ tó bá kọ “ibùsọ̀ 180” fún olùyẹ̀wò tí 290 wà lọ́kàn rẹ̀ ti gba òdo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ kìlómítà tàbí máìlì sójú ìwé, ó ti di Yorùbá.

Ní ti ìṣẹ́jú, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ tó ń sá kìlómítà 500 ní wákàtí kan á fi bí ìṣẹ́jú 35 parí rẹ̀, lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n ó máa kọ́kọ́ rọra gòkè, ó máa rọra sọ̀kalẹ̀, nítorí náà ẹ bù ú sí 45.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ Kàbbà gan-an ni ìlà Àkúrẹ́ sí Àbújá yẹn gbà kọjá. Ará Kàbbà tó bá lọ wọkọ̀ l'Ákùúrẹ́ máa fò padà sórí òrùlé ara rẹ̀. Tí a bá sì ka ibùsọ̀ bí ìyá àgbà ṣe ń kà á, yóò sọ ẹrù ní gáréèjì Àkúrẹ́, yóò sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù, yóò tún dúró dè é l'Ábùújá. Ẹni tó gba Obajana já sí Lọ́kọ́ja nínú mọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan ló máa sọ̀, ìyẹn tó bá fẹ́ ra ẹja.