Ajá aládùúgbò ń lé àwọn ọmọ mi: ṣé àfi kó bu wọ́n jẹ kí òfin tó dá sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé. Ajá ńlá kan wà nílé tó tẹ̀ lé tiwa, ẹni tó ni ín kì í ti géètì, kì í sì í so ó lókùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lé àwọn ìbejì mi dé ẹnu ọ̀nà, ó fò mọ́ Kẹ́hìndé, ó sì fa báàgì rẹ̀ ya. Ọmọ náà ò fẹ́ jáde mọ́. Mo bá olúwarẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní eré ni ajá òun ń ṣe. Ṣé àfi kó bu ọmọ jẹ kí n tó lè fẹjọ́ sùn ni?

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpayà o. Kò dìgbà tó bá buni jẹ rárá. Lábẹ́ òfin ajá eléwu ti ọdún 1991, tí apá olówó rẹ̀ ò bá ká a, tí èèyàn sì nídìí láti bẹ̀rù pé yóò ṣe òun léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Láti 2014, ó kan inú ọgbà àti inú ilé pẹ̀lú. Bó bá wá ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni òfin ń wá.

Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ ajá báyìí kan èmi náà, tí mo pè láti fẹjọ́ sùn, ẹni tó gbé fóònù ní kí n padà wá tí ajá bá buni jẹ. Mi ò bá a jà. Mo ra ìwé kékeré, mo ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọ gbèsè oníbàárà: ọjọ́, aago, ohun tó ṣe, ẹni tó rí i. Ìwé yẹn ni káńsù wò tí wọ́n fi kọ ìwé ìkìlọ̀ sí olówó ajá náà pé kó tún ọgbà ṣe, kó sì máa so ajá lókùn. Ẹ pe káńsù, ẹ pe ọlọ́pàá ní 101. Bó bá ń kọlu èèyàn lọ́wọ́, 999 ni. Bó bá jẹ́ XL Bully, irú ajá ńlá kan tí òfin dìídì kà sí eléwu, láti oṣù kejì 2024, kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dí i lẹ́nu níta.

Nílé, tí ajá bá gbó mọ́ wa, a ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa òkúta, ajá á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ má kọ́ wọn níyẹn; ajá ibí ò mọ òkúta! Kí wọ́n dúró bí igi, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má wò ó lójú. Tó bá bì wọ́n ṣubú, kí wọ́n ká kò bí ìgbín, kí wọ́n fọwọ́ bo etí àti ọrùn.

Báàgì Kẹ́hìndé ńkọ́? Ẹ má tíì jù ú nù o. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí.