Èsì: Stage 1 àbí Stage 2 fún WRX?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní downpipe (ọ̀pá èéfín tó tẹ̀lé turbo) àti intake (ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) nìkan lẹ pààrọ̀ lára ọkọ̀ Subaru WRX yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá máàpù (ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) Stage 1, ti ọkọ̀ tí wọn ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀, ṣì tó. Kò tó o. Intake yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù: inú ọ̀pá rẹ̀ ni sensor MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, wà. Tí ọ̀pá bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré, epo ò sì ní tó ẹ́ńjìnnì. Máàpù Stage 2 tí wọ́n ṣe fún intake yẹn pẹ̀lú downpipe ni kẹ́ ẹ wá. Tó bá jẹ́ epo octane 91 lẹ ń rà, ẹ má fọwọ́ kan máàpù ti 93. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sí i, ẹ máa wo DAM (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà fọkàn tán epo àti máàpù náà), 1.0 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá já wálẹ̀, ẹ má fi agbára wa ọkọ̀ náà mọ́, ẹ fi log (àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́) ránṣẹ́ sí tuner, ẹni tó ṣe máàpù náà.