Kì í ṣe ebi ló dá ọgbẹ́ sí mi nínú

Àbúrò mi, o ní aago méjì òru ni inú máa ń ta ọ́ jí, lókè ìdodo níbẹ̀, pé tí o bá ti jẹ bisikíìtì tí o sì mu mílíìkì, ara á rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ó tún ti dé. O ní ìbùpúrófẹ̀n lo ń lò sí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́, o sì ń fi àgbo jẹ̀dí olọ́tí tì í. O wá béèrè bóyá ebi àárọ̀ tí o máa ń mú mọ́ra ló fà á. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà, télọ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tí o ń sọ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n bá a lọ.

Lọ́dún 2016, nígbà tí aṣọ Iléyá pọ̀ lọ́rùn wa, orí àga onígi kan náà ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Ẹni tó ń ta oògùn níwájú ṣọ́ọ̀bù wa fún mi ní ìbùpúrófẹ̀n, ẹ̀yìn sì fi mí sílẹ̀. Mo ń lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó lé ní oṣù mẹ́ta. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, gbogbo ènìyàn ní ulcer, ìyẹn ọgbẹ́ inú, ni, kí n má febi panú mọ́, kí n yé jẹ ata. Mo gbọ́ràn. Mo ń jẹun lákòókò bí aboyún. Inú kò yé ta.

Ṣé o ti bá wọn fọ àbọ́dí màlúù rí? Tí o bá tú u, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí omi ilá, tí a máa ń fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, fọ̀, fọ̀, kó tó kúrò. Ìdọ̀tí ni mo kà á sí láti kékeré. Òun gan-an ni Ọlọ́run fi tẹ́ inú wa. Omi kíkan kan wà nínú àpòlúkù ènìyàn, ó le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, ó sì ń tú ẹran tí a jẹ. Bẹ́ẹ̀, ẹran ni àpòlúkù náà fúnra rẹ̀. Ohun yíyọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí omi kíkan náà jẹ ẹ́.

Oúnjẹ tó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú àpòlúkù, àpòlúkù á máa pò ó bí ẹni ń ro àmàlà fún wákàtí mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, á máa jó o sínú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ibi kúkúrú kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí wọ́n ń pè ní duodenum. Ibẹ̀ ni omi òróńro tó ti ẹ̀dọ̀ wá ti ń pàdé oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni omi mìíràn láti ara pancreas, tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, ti ń wá pa kíkan náà. Ìyókù ìfun kékeré tó mítà 6 bí wọ́n bá nà án sílẹ̀; ibẹ̀ ni ara ti ń fa oúnjẹ mu, kí ìfun ńlá tó wá fa omi tó kù.

Inú duodenum ni ọgbẹ́ tèmi wà. Tí mo bá jẹun, oúnjẹ á gba omi kíkan náà mọ́ra, ara á rọ̀ mí. Tó bá di wákàtí méjì sí mẹ́ta, àpòlúkù á ti tú ẹrù rẹ̀ lọ, omi kíkan nìkan ni yóò wá máa kán sójú ọgbẹ́. Ìdí tó fi ń jí mi lóru nìyẹn. Mílíìkì ń tù ú lóòótọ́, àmọ́ tó bá yá, òun náà ló ń mú kí omi kíkan tún sun sí i.

Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ mí. Wọ́n tún fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo rí i pé ìgbẹ́ mi dúdú, mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, torí òótọ́ ni pé ó máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n èyí ń dán, ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, òórùn rẹ̀ sì le débi pé àbúrò ọkọ mi béèrè pé kí ló kú sílé ìyàgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti òkè wá, tí omi kíkan àti ìfun ti ṣiṣẹ́ lé lórí, dúdú ló sábà máa ń jáde. Lọ́jọ́ kẹta, mo dìde láti gé aṣọ, ojú mi ṣú, mo ṣubú lé tábìlì.

PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi, jẹ́ 17 péré nígbà tí a dé ilé ìwòsàn. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun mi wọlé. Wọ́n fi ọgbẹ́ náà hàn mí lójú ẹ̀rọ: ó funfun láàárín, etí rẹ̀ pupa, kò ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ.

Dókítà ní nǹkan méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni ìbùpúrófẹ̀n. Mo ní mo máa ń jẹun kí n tó lò ó. Ó ní ìyẹn kò tó láti gbà mí, torí kì í ṣe ibi tí hóró oògùn bá bà lé nìkan ló ti ń ṣe é. Tó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń dín ohun tí ara fi ń ṣe ohun yíyọ̀ yẹn kù. Abẹ́rẹ́ diclofenac, oògùn ara ríro tó jọ ìbùpúrófẹ̀n, pàápàá lè fà á.

Èkejì ni kòkòrò àìfojúrí kan, Helicobacter pylori, tó ń gbé inú ohun yíyọ̀ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ní in láti kékeré, púpọ̀ nínú wa ni kò sì ní ṣe ní nǹkan kan. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn gbà pé ìrònú àti oúnjẹ ló ń fa ọgbẹ́ inú. Barry Marshall àti Robin Warren, dókítà méjì ní Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ló ní kòkòrò ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà, ni Marshall bá gbé kòkòrò náà mu lọ́dún 1984. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, èébì dé, nígbà tí wọ́n sì yẹ inú rẹ̀ wò, àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Ọdún 2005 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ebi ni, ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ló ń sọ.

Má lo ìbùpúrófẹ̀n yẹn mọ́. Paracetamol ni èmi ń lò sí ẹ̀yìn báyìí, mo sì pààrọ̀ àga. Àgbo olọ́tí náà, gbé e sílẹ̀, ọtí inú rẹ̀ ń ta sí ojú ibi tó ti bó tẹ́lẹ̀. Sọ fún dókítà pé kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò fún H. pylori, ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí. Ti ẹ̀jẹ̀ lè máa sọ pé ó wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti rí ìwòsàn, ó sì ná mi lówó lásán. Tí o bá ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, sọ fún wọn, torí ó yẹ kó kúrò lára rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ṣe é.

Oògùn kòkòrò náà, ọjọ́ 14 ni mo lò ó, oríṣi méjì pẹ̀lú omeprazole. Láti ọjọ́ kejì ni ẹnu mi ti ń korò bí ẹni ń lá irin, ẹ̀kọ gan-an ò ṣeé jẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún inú ti yé ta, ó ṣe mí bíi kí n dà á nù. Mo lò ó tán. Oṣù kan lé lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò, kòkòrò ti lọ.

Lárọ̀ ọ̀la, wo ìgbẹ́ rẹ kí o tó da omi sí i. Tó bá dúdú tó ń dán bí ọ̀dà, tàbí tí o bá bì ohun tó dà bí kọfí, má dúró dá mi lóhùn, jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.